Oko Omifunfun Kò Sí ní Bìní

Ẹ̀rí tí mo ní pé àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fi gbogbo ìgbà ka ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí kò ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó tó mi. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé Bìní ni oko náà wà. Oko tí mo ń wí kò sí ní Bìní. Omifunfun ló wà, ní agbègbè Odigbo, níbi tí èèyàn yóò ti gun alùpùpù kúrò lójú títì kó tó bọ́ sínú igbó kòkó. Ohun tí a kọ ni pé oko náà kò jìnnà sí títì tó lọ sí Bìní. Ẹni àkọ́kọ́ tó tọ́ka sí iṣẹ́ wa sáré kà á, ó kọ ọ́ pé ní Bìní ni a ti ṣe ìwádìí náà. Ẹni kejì kò ka tiwa, ti ẹni àkọ́kọ́ ló kà. Ẹni kẹta ka ti ẹni kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe ru oko mi kọjá Ofosu tó wà lẹ́nu ààlà, dé Bìní, láìbi mí léèrè.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ yìí. Bí olùṣèwádìí bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní láti dárúkọ àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá ń dárúkọ lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ńlá. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ, bí ẹni pé wọn kò ṣe é rárá ni. Méjì ni mo kọ nígbà yẹn, láti inú iṣẹ́ kan náà, láti inú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà. Ọ̀kan kò rí ẹni dárúkọ rẹ̀ títí dòní. Èkejì rìn débi tí èmi alára kò dé rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ohun tó fà á, inú sì ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá rò ó.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ondo sílẹ̀, kóńtíráàtì wà níbi gbogbo, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó máa ro oko kòkó ti lọ ń po kọnkéré fún àwọn tó ń ṣe títì. Àwọn àlejò tó gba oko lọ́wọ́ onílẹ̀ ló kù nínú oko. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí kékeré kan lẹ́yìn Odigbo, olùrànlọ́wọ́ olùṣèwádìí ni wọ́n ń pè mí. Láti di olùṣèwádìí gan-an, mo ní láti jókòó síwájú ìgbìmọ̀ kan tó ń wo iṣẹ́ ẹni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ìgbìmọ̀ náà máa ń pe èèyàn. Ẹni tí kò bá yege lẹ́ẹ̀mejì, olùrànlọ́wọ́ ni yóò jẹ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ti bí ìbejì, yàrá méjì la wà, olùṣèwádìí ló ń rí ilé gbà nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, kì í ṣe ilé nìkan ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n pe ohun tí mo ṣe ní tèmi.

Ọkùnrin kan tó ti apá Ọ̀fà wá ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Omifunfun. Ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, Bàbá ni mo ń pè é, ó sì ti pẹ́ lórí oko náà débi tí onílẹ̀ fi máa ń gbàgbé pé àlejò ni. Òun ló fi ohun tí mo wá kọ hàn mí. Ní agbègbè wa, bí kòkó bá tó fọ́, àwọn aládùúgbò oko yóò bá ara wọn ṣe àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ibì kan náà, lábẹ́ igi kan náà, ni wọ́n ti ń fọ́ ọ lọ́dọọdún, nítorí ibẹ̀ ni òkúta ìjókòó wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Wọn kì í kó èèpo kòkó kúrò níbẹ̀. Wọ́n á dà á sílẹ̀, tọdún yìí á gun ti èṣí.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Bàbá pè mí lọ síbi òkìtì èèpo náà.

“Ọ̀gá Akàkòkó,” ló wí, torí orúkọ tó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn nítorí bí mo ṣe máa ń ka igi kòkó rẹ̀ kiri, “ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ìwé, ẹ wo igi yìí.”

“Bàbá, kí ló ṣe é?”

“Gbogbo èso ara rẹ̀ ló ti dúdú. Èyí tó tẹ̀lé e, ìlàjì. Tọ̀hún yẹn, díẹ̀. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ igi.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí àwọn èèrà dúdú tíntìntín tó ń kó erùpẹ̀ gun igi lọ, tí wọ́n ń fi kọ́ ilé sídìí èso. “Inú èèpo jíjẹrà yẹn ni wọ́n ti ń bu erùpẹ̀. Oògùn tí ìjọba ń gbé wá, wọ́n ń fín in sókè, àrùn ń gun òkè láti ìsàlẹ̀.”

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. A ti ń fín oògùn aláwọ̀ búlúù yẹn láti ìgbà tí mo ti dé ibùdó, kò sí ẹni tó wo ilẹ̀ rí.

Òjò ọdún mẹ́ta ni mo fi ka èso. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo ń gun alùpùpù lọ, mo ń lọ láti igi dé igi, mo ń kọ iye èso tó dára àti iye tó dúdú, láti igi tó sún mọ́ òkìtì jù dé èyí tó jìnnà jù. Bàbá bá mi bẹ àwọn aláàáró rẹ̀ títí wọ́n fi gbà láti máa kó èèpo jìnnà ní apá kan oko. Wọ́n bú mi dáadáa. Wọ́n ní mo fẹ́ lé wọn kúrò ní ìjókòó baba wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta, ọmọdé á fojú rí ìyàtọ̀ láàrin apá méjèèjì, kò nílò kó mọ̀wé.

Mo wá kọ ọ́. Orí mi kún, mo kọ gbogbo rẹ̀: bí òjò ṣe rọ̀, irú èèrà tó wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kó òkìtì jìnnà tó, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn fífọ́ ni kí wọ́n kó o. Àkọlé rẹ̀ gùn débi pé ó gba ìlà mẹ́rin, Omifunfun wà nínú rẹ̀, Odigbo wà nínú rẹ̀, orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun náà wà nínú rẹ̀. Ibùdó wa ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú jọ́nà tirẹ̀, ìyẹn ìwé ìròyìn àwọn olùṣèwádìí, lórí bébà rírọ̀ tí yíǹkì ń ràn mọ́ ọwọ́. Orúkọ mi nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo gbé ẹ̀dà kan lọ fún Bàbá tí kò mọ̀wé kà, ó fi aṣọ wé e.

Kò sí ẹni tó kà á. Nígbà tí mo wọ inú sítọ̀ lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà láti wá ìbọ̀wọ́, mo bá àwọn ẹ̀dà náà nílẹ̀, okùn tí wọ́n fi dì wọ́n wà lára wọn síbẹ̀. Asítọ̀ ti to ẹ̀rọ ìfínkòkó tuntun tí owó epo rà lé wọn lórí kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Ẹ má bínú sà, àwọn bébà yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó ń bèèrè.” Kò fi mí ṣẹ̀sín o, òótọ́ ló sọ.

Bí mo ṣe jókòó síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kínní nìyẹn. Wọ́n yẹ ìwé náà wò ní iwájú, wọ́n yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn, wọ́n ní ta ló ti lò ó. Mo ní àwọn àgbẹ̀ Omifunfun. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí dára, ṣùgbọ́n olùṣèwádìí wo ló ti dárúkọ rẹ̀? N kò rí ọ̀kan mú wá. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀gá wa àgbà, tó ń gbé ní olú ilé-iṣẹ́, tó máa ń bẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ló gbà mí nímọ̀ràn. N kò ní fi ìbínú gba ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ràn náà dára. Wọ́n ní, “Ìwé rẹ ti gùn jù. Ta ló fẹ́ mọ Omifunfun? Gé e sí ojú ewé mẹ́ta. Jẹ́ kí àkọlé rẹ̀ sọ ohun tí o rí, má sọ ibi tí o ti rí i. Ya àwòrán kan tí ẹni tó ń sáré yóò lóye. Kó o fi ránṣẹ́ sí jọ́nà òkè òkun, má fi sí ilé ara wa.” Mo lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí bí ẹni tó ń gé ìka, ṣùgbọ́n mo gé e. Gbogbo ohun tí àgbẹ̀ lè lò ló jáde kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni pé èèrà ń kó àrùn láti inú òkìtì gun igi, nínú oko kan tí kò jìnnà sí títì tó lọ sí Bìní.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan ní Ore, Mùsùlùmí àgbà kan tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, tó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn onímọ́tò. Àwọn tó ń pe èrò ń pariwo “Bìní! Bìní ẹnì kan!” lẹ́bàá etí wa, òun ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìwòkè. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó gbé ọwọ́ dúró.

“Orúkọ ta ni kí n kọ́kọ́ kọ?”

Ọ̀gá kò ní kí n fi orúkọ àwọn sí i. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà mí mọ èyí dáadáa, torí òun ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Wọn kò sọ ọ́, wọn kò sì dọ́gbọ́n béèrè fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà mí nímọ̀ràn, wọ́n sì dàgbà jù mí lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú iṣẹ́ tí wọ́n ti tọ́ mi sọ́nà lórí rẹ̀ kí n kọ orúkọ ara mi nìkan? Bí mo bá sì kọ tiwọn, báwo ni tèmi yóò ṣe ṣíwájú? Ó dà bí kí n ti ọwọ́ bọ àwo kí bàbá mi tó fọwọ́.

“Ẹ kọ ti Ọ̀gá ṣáájú,” ni mo wí.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni atẹ̀wé wí. “Ẹ jẹ́ ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé tiyín ló kàn?”

Mo wá rántí igbákejì Ọ̀gá. Èèyàn kì í kí olórí ilé kó fi ẹni tó tẹ̀lé e sílẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́, ó di ọ̀rọ̀. Mo ní kó kọ ti igbákejì náà tẹ̀lé e. Tèmi ló gbẹ̀yìn. Kò sí èyí tó mọ Omifunfun nínú àwọn méjèèjì. Mo jáde ní gáréèjì náà pẹ̀lú ayọ̀, mo tilẹ̀ ra búrẹ́dì fún ìbejì.

Ọ̀gá wo orúkọ wọn lókè ìwé. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ dáadáa.” Wọ́n fi lẹ́tà tiwọn mọ́ ọn, torí wọ́n ti bá àwọn kan tó ń ṣe jọ́nà náà kàwé pọ̀ lókè òkun. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbà á.

Lẹ́yìn èyí ni káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í dé, káàdì kéékèèké tí àwọn olùṣèwádìí fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dà. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń dé sí. Wọ́n fi àwọn kan hàn mí: Gánà, Brazil, ìlú tí n kò lè pè dáadáa. Inú mi dùn, mo rò pé oúnjẹ ti jinná. Mo gba ààyè, mo lọ sí yàrá ìkàwé yunifásítì láti lọ da ẹ̀rí mi kọ fún ìgbìmọ̀. Mo jókòó sídìí àwọn jọ́nà láti àárọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ tìlẹ̀kùn. Lóòótọ́, wọ́n ń dárúkọ iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n àṣà wọn ni pé bí ẹni tó kọ iṣẹ́ bá tó mẹ́ta, ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dárúkọ, wọ́n á wá fi “àti àwọn mìíràn” tì í. Èmi ni àwọn mìíràn. Mo yí ojú ewé títí, orúkọ Ọ̀gá, orúkọ Ọ̀gá, ní Bìní, ní Bìní.

Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún nínú yàrá ìkàwé. Ó yin iṣẹ́ náà, ó wá kọ ọ́ pé ó ṣe ni láàánú pé kò tíì sí ẹni tó wádìí bí òkìtì ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó. Mo ti wádìí rẹ̀! Mo fi ẹsẹ̀ mi wọ̀n ọ́n nínú ẹrẹ̀. Ó wà nínú ìwé gígùn yẹn, lábẹ́ ẹ̀rọ ìfínkòkó, nínú sítọ̀, lẹ́yìn Odigbo.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe dídára nìkan ló ń gbé ìwé rìn. Àpilẹ̀kọ kúkúrú ń rìn ju gígùn lọ. Orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún èyí tí wọn kò mọ̀, ó sì ń tì í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni mẹ́ta bá sì ti tọ́ka sí nǹkan, ẹni kẹrin kò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Àwa tí à ń gun alùpùpù nínú òjò rò pé ẹni tó bá ka èso jù ni wọn yóò gbọ́. Ìrònú ọmọdé gbáà ni.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì pé. Mo kó ìwé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú báàgì, gbogbo èso tí mo kà, ẹrẹ̀ Omifunfun wà lára bébà síbẹ̀. Ìyàwó mi ló di báàgì náà. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, bí wọ́n bá ti bi yín, ẹ sáà ti tú u síta fún wọn.”

Àgbà mẹ́rin ló jókòó. Ọ̀gá wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Alága jẹ́ àlejò, ọkùnrin tútù kan, ó dà bí ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó gbé àpilẹ̀kọ ojú ewé mẹ́ta náà sókè.

“Iṣẹ́ yìí ti dé ọ̀pọ̀ ibi,” ló wí. “Mo rí orúkọ rẹ níbẹ̀, ó gbẹ̀yìn. Sọ fún wa, ta ló ni èrò yìí? Ta ló ṣe é ní oko?”

Mo wo Ọ̀gá. Mo rò pé wọn yóò sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni, wọn ì bá sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sín. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n ń fi etí agbádá nù ún, wọ́n ń nù ún lọ. Báàgì mi wà lórí itan mi. Ìdè rẹ̀ wà láàrin ìka mi. Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n tú u, kí n sì sọ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé ọkùnrin yìí, tó tó bí mi, kò dé oko náà rí.

Mo gbọ́ ohùn ara mi.

“Iṣẹ́ Ọ̀gá ni, sà. Èmi kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.”

Ọ̀gá dá ìgò padà sójú. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì mi orí sí àwọn yòókù. Alága wò mí pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo bínú sí Ọ̀gá láti ibẹ̀ dé Ore. Nínú mọ́tò, mo sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ fún wọn nínú ikùn mi, mo sọ ọ́ dáadáa, mo sọ ọ́ lọ́nà mẹ́rin. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ó rí i pé bí òun ṣe dì í ló ṣe wà. Ó gbé oúnjẹ fún mi.

Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó kúrú. Wọ́n ní olùrànlọ́wọ́ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni mí, mo mọ ipò mi, mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹnu ara mi ni mo sì fi jẹ́rìí pé èrò iṣẹ́ náà kì í ṣe tèmi. Nítorí náà, wọn kò lè gbé mi ga. Mo jù ú sórí tábìlì, mo ní irọ́ ni, irọ́ pátápátá, wọ́n yàn mí jẹ. Ìyàwó mi mú un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ́ ẹ síwájú mi.

“Bàbá Ìbejì,” ló wí, “ẹ fi ibi tí wọ́n ti purọ́ níbẹ̀ hàn mí.”

Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò rí i.